Ta Ló Ni Ohùn Ìyá Alákàrà?

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sílé ní Ìwó. Kì í ṣe ti ìnáwó, kò sì sẹ́ni tó kú. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, ẹni tí gbogbo agboolé ń pè ní Àlàájì, ló ní kí n wá bá òun bá ọmọ òun obìnrin sọ̀rọ̀. Ẹ̀sùn tó kà sí ọmọ náà lọ́rùn kò gùn rárá: ọmọ tí òun rán nílé ìwé fẹ́ lọ máa ṣe yẹ̀yẹ́ nínú rédíò.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ̀ pé n kì í sábà kó ọ̀rọ̀ ilé wá síta. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ náà àti bàbá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì yọ̀ǹda, bí n kò bá ti ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ fi kún un pé bí mo bá máa kọ ọ́, kí n kọ ọ́ pé òun kò gbà. Mo ti kọ ọ́.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni ọmọ náà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni. Láti kékeré ló ti ní ẹ̀bùn ohùn. Bí ó bá lọ ra búrẹ́dì lọ́jà Odò-Orí, yóò gbé ohùn ẹni tó tà á fún un wálé pẹ̀lú búrẹ́dì. Ó lè ṣe agbèrò tó ń pe èrò Ìbàdàn, ó lè ṣe télọ̀ tó ń bẹ oníbàárà pé aṣọ yóò jáde lọ́la, ó sì lè ṣe bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn bàbá ló ti máa ń ṣe ìyẹn. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Ìwó ni ìlú odídẹrẹ́, ẹyẹ tó ń fi ohùn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, àwa náà la sì máa ń ṣàdúrà fún ọmọ wa tó bá ń rìnrìn àjò pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ.

Iléeṣẹ́ rédíò kan ní Ìbàdàn gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù ẹnìkan, wọ́n sì ní kí ó wá máa ṣe ìyàwó ilé ẹlẹ́nu mímú nínú eré oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní lówó nínú. Lẹ́yìn ìyẹn, bí àwọn olùgbọ́ bá fẹ́ràn rẹ̀, àwọn yóò "mọ ohun tí àwọn máa ṣe." Ẹ̀yin tí ẹ ti báni ṣiṣẹ́ rí mọ gbólóhùn yẹn dáadáa.

Nígbà tí mo dé, yàrá ìgbàlejò ti kún. Àwọn àǹtí, àwọn ìyàwó ilé, àti bàbá kan láti agboolé kejì tí n kò mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó wolẹ̀. Àlàájì kò pariwo. Ó kàn bi wá ní ìbéèrè kan tó mú kí gbogbo wa dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Ìwó tí ẹ jókòó yìí, ẹ ti gbàgbé Iyabo Oko ni?"

A kò gbàgbé rẹ̀. Sidikat Odunkanwi ni orúkọ rẹ̀ gan-an, Ìwó níbí ni wọ́n sì ti bí i lọ́dún 1960. Láti nǹkan bí ọdún 1970 sí 1979 ló ti bọ́ sínú iṣẹ́ tíátà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Ẹ̀dá Onílé Ọlá, nígbà tí eré ṣì wà lórí ìtàgé tí ọkọ̀ ń kó òṣèré láti ìlú dé ìlú. Fíìmù kan tí wọ́n pè ní Oko, iṣẹ́ Adébáyọ̀ Sàlámì tí a mọ̀ sí Ọ̀gá Bello, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, orúkọ fíìmù náà sì lẹ̀ mọ́ tirẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Bí ẹ bá ti rí i nínú fíìmù rí, ẹ ó mọ irú obìnrin tí wọ́n máa ń fún un ṣe: ìyàwó tí ọkọ ń yẹ̀ fún, aládùúgbò tí kò sí ẹni tó lè fi ẹnu jù ú lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa rẹ̀ ni pé kì í kánjú sọ̀rọ̀. Yóò kọ́kọ́ wo ẹni náà láti òkè délẹ̀, yóò tún wò ó láti ilẹ̀ dókè. Kí ó tó la ẹnu, àwa tí à ń wò ó ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Èébú fúnra rẹ̀ kì í pani lẹ́rìn-ín tó bí à ń dúró dè é ṣe máa ń pani lẹ́rìn-ín.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá a dúró. Ọdún bíi mélòó kan ló fi wà lórí àìsàn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́, Folúkẹ́ Dàràmọ́lá-Sàlàkọ́ wà lára wọn, jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ràn án lọ́wọ́. Ìròyìn ikú rẹ̀ tilẹ̀ kọ́kọ́ jáde nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀, kí ọlọ́jọ́ tó wá dé ní tòótọ́ lóṣù kejì ọdún 2022. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni.

Àlàájì ní, "Ó pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣàìsàn, wọ́n ń gbé igbá kiri fún owó oògùn rẹ̀. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?"

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí tún rántí Sisi Quadri, Tolani Quadri Oyebamiji, ọmọ Ìwó mìíràn tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ nínú fíìmù, tó kú ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 2024, tí wọ́n sì sin síbí. Ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n nínú ẹnu obìnrin ọjà ló ti kó gbogbo ohun ìjà rẹ̀, ó sì ń fi wọ́n jẹun. Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ti ń rántí rẹ̀, ó sì tètè pa ẹ̀rín náà mọ́ra nígbà tó rí ojú Àlàájì.

Ẹ jẹ́ kí n yà kúrò nínú yàrá yẹn fún ìgbà díẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù Àlàájì kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láyé alárìnjó, inú eégún ni eré ti jáde, ọkùnrin ló sì máa ń gbé agọ̀ obìnrin wọ̀ láti ṣe ìyàwó. Nígbà tí Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1945 tó sì ń sanwó fún obìnrin láti wá ṣeré, àwọn òbí kò gbà á gbọ́. Ohun tó ṣe nígbẹ̀yìn ni pé ó ń gbé àwọn òṣèré obìnrin rẹ̀ níyàwó, kí ẹgbẹ́ má baà tú. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tíátà tún tọ ọ̀nà kan náà. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, ọ̀nà kan ni láti má ṣe san owó oṣù.

Obìnrin adẹ́rìn-ínpòṣónú tún ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí. Nínú ẹgbẹ́ Àwàdà Kẹríkẹrì tí Òjó Ládípọ̀, ìyẹn Bàbá Mérò, dá sílẹ̀, ni Lánre Hassan tí a mọ̀ sí Ìyá Àwẹ̀ró ti gòkè wá. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí tí ìyá yẹn ti ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ikú Bàbá Mérò lọ́dún 1978, síbẹ̀ ipa ìyá ẹnìkan tàbí ìyàwó ẹnìkan ni wọ́n ń fún un lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wo Ọmọládùn pẹ̀lú. Bí mo bá ní "Bàbá Sùwé," ẹ̀rín ti bọ́ sí yín lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ nínú ilé àti nínú fíìmù, Moladun Kẹ́ńkẹ́léwù, ni ó máa ń ju ọ̀rọ̀ sí i kí ó tó rí èyí tí yóò dá padà. Ọ̀rọ̀ kò lè dùn lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo. Ẹni tó ń gbè é ṣe pàtàkì bí ẹni tó ń dá a. Monsurat Omidina ni orúkọ rẹ̀, ó kú lọ́dún 2009, ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀lé e lọ́dún 2021. Mo bi ọ̀dọ́ márùn-ún nínú agboolé wa ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Kò sí ẹyọ kan tó mọ̀ ọ́n.

Àti pé, ní ti owó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni òṣèré wa máa ń gba owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n bá ya fíìmù. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n tà á ní Ìdúmọ̀tà, bí wọ́n gbé e sórí YouTube tí ènìyàn mílíọ̀nù wò ó, ọwọ́ ẹlòmíràn ni owó náà ń wọ̀. Ẹ̀rín a máa jẹ́ tiwa tí à ń wò ó, owó a jẹ́ ti onífíìmù, àìsàn nìkan ni yóò jẹ́ ti òṣèré.

Nítorí náà, Àlàájì kò purọ́. Èmi fúnra mi ni mo sì ní ohun tí n kò tíì sọ fún un rí. Mo rò pé wọ́n pè mí pé kí n wá gba ọmọ náà nímọ̀ràn nítorí pé mo ń kọ̀wé. Wọn kò mọ̀ pé mo ti wà níbi tó fẹ́ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Iléeṣẹ́ rédíò kan, tí n kò ní dárúkọ, ń wá ẹni tí yóò fi ohùn ṣe obìnrin alákàrà nínú eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kan. Èmi ni wọ́n mú. Nínú ìwé eré tí wọ́n fún mi, gbólóhùn mẹ́rin péré ni Ìyá Alákàrà ní. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, òun ló ni eré náà. Mo sọ ọ́ di obìnrin tí kì í ta àkàrà fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò: ta lo fẹ́ fi àkàrà márùn-ún yìí jẹ, ṣebí ìwọ àti ọkọ rẹ nìkan lẹ wà nílé?

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa pe rédíò, àfi ẹni tó bá ti ṣe àwàdà nínú rẹ̀ ló mọ bí orúkọ náà ti rí lára. Ìwọ nìkan ni ó wà nínú yàrá tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀. O sọ ọ̀rọ̀ tó dùn jù lọ láyé rẹ, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. O gbọ́dọ̀ fi ọkàn ka ìwọ̀n ẹ̀rín tí o kò gbọ́, kí o tó mú ọ̀rọ̀ mìíràn, bí o bá tètè sọ̀rọ̀, o ti tẹ ẹ̀rín àwọn ènìyàn mọ́ wọn nínú. Bí o bá pẹ́ jù, oúnjẹ ti tutù. Kò sí ojú, kò sí ọwọ́, kò sí gèlè tí o lè tún wé. Ohun tí mo fi dípò gbogbo ìyẹn ni ẹ̀rín kan. Ìyá Alákàrà kì í rẹ́rìn-ín síta. Ó máa ń fa ẹ̀rín sínú ni, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tí ata sáré sí lọ́fun, yóò sì wá dákẹ́ lójijì. Ẹ̀rín yẹn ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan ní Odò-Orí, mo béèrè iye tí wọ́n ń ta ata, ìyá alátà sì gbé igbá sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín kí n gbọ́." Mo rẹ́rìn-ín fún un. Ó fún mi ní ata lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tó pọ̀ jù tí ẹ̀rín yẹn pa fún mi nìyẹn.

Lọ́dún kejì, onígbọ̀wọ́ ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohùn Ìyá Alákàrà fi polówó ọjà rẹ̀. Mo gbọ́ ara mi nínú ìpolówó tí n kò lọ ṣe. Ohùn inú eré ni wọ́n gé lẹ̀ pọ̀. Mo lọ béèrè. Wọ́n ní ohùn ètò ni, kì í ṣe ohùn mi. Mo tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí n máa lọ sílé, àwọn yóò pè mí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo wà nínú ọkọ̀ ní Ìwó Road ní Ìbàdàn, dẹ́rẹ́bà yí rédíò sókè, Ìyá Alákàrà sì ń sọ̀rọ̀. Obìnrin mìíràn ni. Ó ṣe é dáadáa, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó dé ibi ẹ̀rín, ó fà á sínú lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dákẹ́ lójijì. Gbogbo inú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ní, "Ohùn ta nìyí?" Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún wọn ní yàrá ìgbàlejò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo sì sọ apá tó kù, èyí tó jẹ́ pé òun gan-an ló dùn mí jù. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe tèmi. Ẹ̀rín Ìyá àgbà wa ni, ìyá tó bí ìyá mi, tó bí Àlàájì. Ọdún tó ṣáájú ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ eré náà ni Ìyá kú. Mo gbé ẹ̀rín rẹ̀ lọ sórí rédíò nítorí mo rò pé níbẹ̀, kò ní kú mọ́. Mo wá lọ fi í lé àjèjì lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀.

Àlàájì wò mí. Ó ní, "Ẹ̀rín Ìyá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Ó ní, "Rẹ́rìn-ín náà kí n gbọ́."

Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n kò wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe é kẹ́yìn, ojú sì tì mí. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn: ó fà á sínú lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́ lójijì. Ọmọ náà ni. Ọmọ ọ̀pá ni nígbà tí Ìyá kú. Kò lè rántí ojú rẹ̀, áńbọ̀sì ẹ̀rín rẹ̀. Ó ní inú rédíò ni òun ti kọ́ ọ nígbà tí òun wà ní kékeré, òun sì rò pé ẹ̀rín alákàrà ni. Mo fẹ́ bi í bóyá lọ́dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ ni tàbí lọ́dọ̀ obìnrin kejì. N kò bi í. Àlàájì ti dìde, ó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì pe ìrun.

Ìpàdé tú bẹ́ẹ̀. Lálẹ́, ọmọ náà wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé kò tíì sí obìnrin kan tó borí rí ni?"

Mo sọ ìtàn Hattie McDaniel fún un, nítorí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ìwó Road, mo wá gbogbo ohun tí mo lè rí kà nípa rẹ̀. Inú ẹrú ni wọ́n bí bàbá àti ìyá rẹ̀ sí ní Amẹ́ríkà, òun sì ni àbíkẹ́yìn ọmọ mẹ́tàlá. Ó kọrin, ó jó, ó sì jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé oúnjẹ nígbà tí eré kò bá mówó wọlé. Ní Los Angeles, lẹ́yìn ọdún 1931, ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ alágídí tó ń pàṣẹ fún ọ̀gá rẹ̀ lórí rédíò, àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín kú. Owó tí wọ́n ń san fún un kéré débi pé, bó bá ti rédíò dé, ilé àwọn ènìyàn ló tún ń lọ láti ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ gan-an.

Ọmọ náà ní, "Wọ́n jọ jẹ́ ẹyọ kan náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀kan ń dùn, èkejì ń dunni.

Nígbà tó yá, ó ṣe ipa Mammy nínú fíìmù Gone with the Wind tó jáde lọ́dún 1939, ó sì gba Oscar ní oṣù kejì ọdún 1940, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, tábìlì kan lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n fi òun àti ẹni tó bá a wá sí, kò jókòó pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣe fíìmù. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan náà ń bú u pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. N kò lè dá wọn lẹ́bi, n kò sì lè dá òun náà lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rédíò ni mo fẹ́ kí ọmọ náà gbọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà nínú eré rédíò níbẹ̀, Beulah lorúkọ rẹ̀, obìnrin dúdú. Ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan, Marlin Hurt, ló ń fi ohùn ṣe é. Yóò kọ ẹ̀yìn sí àwọn òǹwòran, yóò wá yí padà lójijì pẹ̀lú ohùn obìnrin náà, ariwo yóò sì ta. Nígbà tó kú lọ́dún 1946, ọkùnrin funfun mìíràn ni wọ́n gbé e fún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1947 ni wọ́n tó fún Hattie McDaniel ní Beulah. Òun ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ olórí eré apanilẹ́rìn-ín tirẹ̀ lórí rédíò gbogbo Amẹ́ríkà, ní ìrọ̀lẹ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, pẹ̀lú owó 1,000 dọ́là lọ́sẹ̀ kan. Kí ó tó gbà, ó ní òun kò ní sọ èdè wóróbo-wórobo tí wọ́n máa ń fi sí ẹnu ọmọ ọ̀dọ̀ dúdú, àti pé òun gbọ́dọ̀ láṣẹ láti yí ohun tí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn padà nínú ìwé eré.

"Ó sọ ọ́ tàbí ó kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní ó wà nínú ìwé àdéhùn.

Mo fẹ́ sọ èyí tó kù fún un: pé àìsàn gbé e dè, tí wọ́n sì fi ohùn Beulah fún ẹlòmíràn, pé àrùn jẹjẹrẹ ọmú ló pa á lóṣù kẹwàá ọdún 1952, pé itẹ́ òkú tó ní òun fẹ́ kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀, pé Oscar tó fi sílẹ̀ fún Yunifásítì Howard sọnù níbẹ̀, tí wọn kò fi òmíràn dípò rẹ̀ títí di ọdún 2023. Mo ti dé ibi itẹ́ òkú nígbà tí ọmọ náà dá mi dúró. Ó ní, "Àǹtí mi, ibi tí wọ́n máa sin mí sí kò tíì kàn mí. Ẹ bá mi wá bírò."

A jókòó ti tábìlì títí aago méjìlá fi kọjá. Ìwé àdéhùn tí a kọ kò ju ojú ewé kan lọ. Ó ní kí wọ́n máa san owó ọkọ̀ òun láti Ìwó dé Ìbàdàn láti ọjọ́ kìn-ín-ní, nítorí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi owó ara rẹ̀ lọ ṣe. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ fi ohùn òun polówó ohunkóhun láìbá òun dúnàádúrà. Apá kẹta ló le, òun fúnra rẹ̀ ló sì ronú kàn án: bí òun bá fi eré náà sílẹ̀, ìyàwó ilé náà lè máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí ó ti ń rẹ́rìn-ín àti orúkọ tí òun bá fún un yóò bá òun lọ. Mo sọ fún un pé wọn kò ní gbà. Ó ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n rí ohun tí wọn yóò kọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé e lọ. Wọ́n gba ti owó ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ti ìpolówó, wọ́n ní àwọn yóò kọ́kọ́ ronú sí i, ó sì ní òun náà yóò dúró sílé títí wọn yóò fi ronú tán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pè é pé àwọn gbà. Ní ti ẹ̀kẹta, ọ̀gá ibẹ̀ kà á, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, ó sì fi bírò fa ìlà sí i. Ọmọ náà pè mí pé kí ni kí òun ṣe. Mo ní kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí ó má tíì lo ẹ̀rín Ìyá níbẹ̀.

Ó ní, "Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, Àǹtí mi. Mo ti wá òmíràn."

Ọjọ́bọ̀ yìí ni eré àkọ́kọ́ yóò jáde. Àlàájì kò tíì gbà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ní kí n kọ ọ́. Lánàá, ó pè mí lórí fóònù, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ó béèrè bí ọ̀nà ṣe rí nígbà tí mo ń padà. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí bóyá rédíò kékeré orí àpótí Ìyá, èyí tí wọ́n fi okùn so èrìgì rẹ̀, ṣì lè gba Ìbàdàn láti Ìwó.